Ìgbín Yèyé Tàíbátù

Nínú agbolé wa ní Ìdómówò, Ìjẹ̀bú-Òde, gbogbo ènìyàn ló ń jẹ ìgbín àfi àwa ọmọ Yèyé Tàíbátù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn o. Lèmọ́mù àdúgbò wa ń jẹ ẹ́, á sì tún lá ọwọ́. Àwa ò jẹ ẹ́ nítorí Yèyé sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé èèwọ̀ ilé bàbá wọn ni. Bàbá wo? Yèyé kò sọ.

Yèyé ló bí bàbá mi. Kò lọ́kọ rí títí ó fi kú. Ilé bàbá tirẹ̀ ló jókòó sí tó fi bímọ mẹ́ta: Ràsákì, bàbá mi, ni àkọ́bí, àwọn méjì tó tẹ̀lé e ti lọ sọ́run. Obìnrin gíga ni, ó dúdú, orógbó kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó bá sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ ọkọ yóò gbọ́ ohun tó máa gbé sùn. Wọ́n ní èmi Fàtímọ̀ ni mo jogún ẹnu rẹ̀. Mi ò jiyàn. Ìgbín ló ń tà ní ọjà Òkè-Àjẹ, Ìbefun ló sì ti ń lọ rà á. Àwọn ẹlẹ́nu àdúgbò ní ọjà nìkan kọ́ ló ń gbé e lọ síbẹ̀, pé ará Ìbefun kan ló ni àwọn ọmọ. Wọ́n tún máa ń yìn ín pé, ẹ wò ó bó ṣe ń ta ìgbín láti àárọ̀ dalẹ́ tí kò jẹ́ kó kan ẹnu àwọn ọmọ, nítorí ọlá ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò rí rí.

Ọ̀rọ̀ yìí ìbá ti sùn, bí kò bá ṣe ti ìgbéyàwó Rahmah, ọmọ mi. Ará Ọ̀yọ́ ni àwọn àna wa, ọmọlúàbí ènìyàn. Ọjọ́ tí wọ́n wá mọ̀ wá, àgbà tó ṣáájú wọn fi ọ̀wọ̀ gbé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, kí lorúkọ bàbá tó bí yín lọ́mọ? Ká lè mọ ilé tí a ti ń fẹ́yàwó.”

Bàbá mi wo ilẹ̀. Òun tó jẹ́ olórí ẹbí wa, tó ń parí ìjà fún gbogbo agbolé, ń fi ọwọ́ tẹ́ etí aṣọ rẹ̀. Èmi ni mo dá wọn lóhùn, mo ní, “Ilé tí ẹ jókòó sí yìí ni.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, inú ń bí mi.

Nígbà tí wọ́n lọ, Bàbá kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní, “Fàtímọ̀, mo ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún. Mi ò fẹ́ kú láìmọ ilé bàbá mi. Bá mi wá a.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ọmọ tí obìnrin bí ní ìpín nínú ilé gẹ́gẹ́ bí èyí tí ọkùnrin bí. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi lè jẹ́ olórí ẹbí nílé ìyá rẹ̀. Kí ló tún kù tó ń wá? Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìyá ni wúrà, baba ni dígí. Bàbá mi ti ní wúrà, dígí tí yóò fi wo ojú ara rẹ̀ ló ń wá. Mo di gèlè mi, mo gba Ìbefun lọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé dání: ilé wo ni wọn kì í ti í jẹ ìgbín níbí? Wọ́n júwe ilé Àlàájì Abdulsalam fún mi. Àlàájì fúnra rẹ̀ ló jáde sí mi, àgbàlagbà ọlọ́yàyà kan.

“A kì í jẹ ẹ́ láéláé,” ó wí. “Ta ló sọ fún yín?”

Mo ṣàlàyé. Nígbà tí mo dárúkọ Tàíbátù, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ìyá òun máa ń sọ ìtàn obìnrin Ìjẹ̀bú-Òde kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tó ń wọlé tọ̀ wọ́n wá nígbà gbogbo. Ó ní kí n wo imú òun, ṣé ó jọ ti bàbá mi? Mo wò ó, mo ní ó jọ ọ́. Lójú ẹni tó ń wá bàbá, gbogbo imú ló jọra. Ó ní kí n mú Bàbá wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí ẹbí lè fi àdúrà gbà á wọlé.

Bàbá mi dá aṣọ tuntun. Ó ń wọ̀ ọ́ wò, ó ń bọ́ ọ, ó tún ń wọ̀ ọ́. Mo gbọ́ ọ tó ń dá sọ ọ́ ní yàrá pé, “Ilé bàbá mi ní Ìbefun.” Ayọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi lè fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo wá rò pé ó yẹ kí ẹni tó mọ Yèyé bá wa lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé, Àlàájà Sùwẹ́bátù ní Ayépé, tí òun àti Yèyé jọ ń ṣòwò nígbà èwe wọn. Ó ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe ẹnu. Mo ro ẹjọ́ fún un tán. Ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ lórí rẹ̀.

“Èèwọ̀ bàbá wo?” ó wí. “Ilé yẹn lèmi àti Tàíbátù ti ń ra ìgbín! Wọn ò jẹ ẹ́, wọ́n sì ń ṣà á tà, ìyẹn ló fi pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bàbá rẹ ló fa gbogbo ẹ̀. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà yẹn. Bí ìyá rẹ̀ bá ti yíjú, á mú ìgbín nínú agbọ̀n, á sọ ọ́ sínú ààrò, á jẹ ojú owó mọ́ èrè. Tàíbátù nà án títí, kò gbọ́. Lọ́jọ́ kan tí a ń bọ̀ láti Ìbefun, ó ní, ‘Sùwẹ́bá, èèwọ̀ àwọn ènìyàn yìí wù mí. Mo máa yá a lò.’ Mo ní báwo? Ó ní ọmọ lè ṣe àìgbọràn sí ìyá tó ń rí lójoojúmọ́, kò lè ṣe é sí bàbá tí kò rí rí.”

Mo bá a gbé ìborùn rẹ̀ padà sórí. Mo ní, “Àlàájà, ta wá ni bàbá wọn?”

“Mo bi í lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó kọ́kọ́ wá bá òun bọ́ wọn. Èmi náà ní ọmọ tí mò ń bọ́, mo pa ẹnu mi mọ́.”

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ bọ̀, mo bá òkú Yèyé jà nínú ọkàn mi títí mo fi délé. Ẹ̀rù wá bà mí. Mo lè dákẹ́. Àwọn ará Ìbefun ti gbà, aṣọ tuntun wà nílẹ̀, àwọn àna á rí èsì. Ta ni ìyẹn yóò ṣe ní ibi? Ṣùgbọ́n mo mọ ẹnu mi, bí kò sọ ọ́ lónìí yóò sọ ọ́ lọ́la, ọjọ́ ìjà ni yóò sì sọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo jókòó ti Bàbá, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ká aṣọ tuntun náà lé itan.

“Ó nà mí?” ó bi mí.

“Ó nà yín títí.”

“Mi ò rántí ẹgba náà rárá.” Ó fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀. “Fàtímọ̀, mo máa ń rò pé èèwọ̀ yẹn ni ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi fún mi. Àṣé Yèyé náà ló tún fún mi nìyẹn.”

Ẹkún gbọ̀n mí, ṣùgbọ́n òun kò sunkún. Ó ní kí n bá òun lọ aṣọ náà fún ọ̀la.

A lọ sí Ìbefun. Bàbá dúró láàárín wọn, ó dúpẹ́, ó ní, “Ẹ má bínú, èmi kì í ṣe ọmọ yín. Ọmọ oníbàárà yín ni mí.” Ó wá sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe yá èèwọ̀ wọn lò. Àlàájì Abdulsalam rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nígbà tí a ń lọ, ó di agbọ̀n ìgbín ńlá kan lé mi lọ́wọ́, ó ní àwọn kúkú ò ní í jẹ ẹ́, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ìyàwó Lèmọ́mù ló bá mi fọ̀ ọ́, nítorí èmi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń mú ìgbín. A fi ata dín in fún àwọn àna tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n dé, wọ́n jókòó. Kí ẹnikẹ́ni tó bu oúnjẹ, Bàbá mi kọjú sí àgbà wọn.

“Ẹ bi mí ní nǹkan lọ́jọ́sí,” ó wí. “Èmi ni Ràsákì, ọmọ Tàíbátù tó ta ìgbín ní Òkè-Àjẹ. Mi ò mọ bàbá mi. Ilé ìyá mi lẹ ti ń fẹ́yàwó.”

Àgbà náà ṣí fìlà. Ó ní, “Ilé rere ni, sà.”

Bàbá wá mú ìgbín kan, ó jù ú sẹ́nu. Gbogbo àwa ọmọ Yèyé dúró, à ń wò ó. Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́, ó gbé e mì.

“Abájọ,” ó wí, ó sì tún na abọ́ sí mi.