Ohun Tí Màmá Mi Ń Tijú Láti Sọ

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, mo lọ mú màmá mi láti Ìkòtún wá sílé mi ní Ìgandò. Kò kọ́kọ́ fẹ́ wá, ṣùgbọ́n ilé yẹn ti pa rọ́rọ́ jù fún òun nìkan. Yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé la fún un. Òun àti ọmọbìnrin mi, tó ń lọ sí yunifásítì láti ilé, ni wọ́n jọ ń lo balùwẹ̀ kan.

Aládùúrà ni màmá mi. Aṣọ funfun tó ń wọ̀ lọ sí ìjọ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun fọ̀ ọ́, nítorí kò sẹ́ni tó lè fọ̀ ọ́ kó mọ́ tó lójú rẹ̀. Ìgbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí pa ìsìn jẹ, ó yà mí lẹ́nu. Lọ́sẹ̀ yìí, á ní orúnkún ló ń dun òun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á ní òun ò sùn dáadáa. Tó bá tiẹ̀ lọ, á máa yí sọ́tùn-ún, á máa yí sósì lórí àga. Mo bi í, ó ní, "Ọjọ́ orí ni, jàre."

Lọ́jọ́ kan mo rí álọ́ọ̀mù nínú ife kan ní balùwẹ̀. Mo mọ álọ́ọ̀mù dáadáa. Nígbà tí èmi ń lọ sílé ọkọ, ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa ló dì í sínú ọ̀rá fún mi, ó ní kí n máa fi fọ abẹ́ kí ọkọ mi má baà wo ìta. Mo lò ó títí mo fi bímọ kejì. Àwọn ọmọ òde òní ò mọ̀ ọ́n. Tiwọn wà nínú ìgò tó rẹwà, ọṣẹ olómi tó ń ta sánsán bí òdòdó. Ọmọ mi ní ọ̀kan lórí pèpéle fèrèsé balùwẹ̀ wọn. Mo rò pé màmá mi fẹ́ fi álọ́ọ̀mù yẹn mú omi tòrò ni, mo sì fi í síbẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé kan, mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ni mo gbọ́ igbe láti balùwẹ̀. Ọmọ mi ti sáré débẹ̀ ṣáájú mi.

"Màmá àgbà, kí ló dé? Ṣé ẹ ṣubú ni?"

"Mi ò ṣubú. Ẹ má wọlé!" Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Ìwọ nìkan ni kó o wọlé. Kí ìyá ẹ dúró síta."

Ó dùn mí díẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà.

"Ẹ rọra, Màmá. Omi lásán ni. Ṣé ó ti ń rọlẹ̀?"

Màmá mi ti da ọṣẹ olómi ọmọ mi sí abẹ́, ó sì ta á bí ata.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó jókòó sórí ibùsùn, ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀. "Ó ti pẹ́ tó ti ń yún mi. Tí mo bá ń tọ̀, á máa ta mí. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo fi álọ́ọ̀mù fọ̀ ọ́, ó tún le sí i. Mo fi omi àdúrà fọ̀ ọ́. Mo wá ní bóyá ti àwọn ọmọdé yìí á ṣiṣẹ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Opó, ẹni àádọ́rin ọdún, kí n máa sọ̀rọ̀ ojú ara? Ta ni mò ń tún un ṣe dè?"

Ọmọ mi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń nu ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Ó ní, "Ara yín ni, Màmá. Ẹ̀yin náà lẹ ni ín."

Màmá mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ Ajé, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Mo fẹ́ jókòó síta, àmọ́ ó di ọwọ́ mi mú. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò fa aṣọ ìkélé, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé.

"Màmá, ìdọ̀tí kọ́ ni. Tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró tó pẹ́, ibẹ̀ máa ń gbẹ, awọ ibẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń ṣe, wọn kì í sọ ni. Ẹ má fi álọ́ọ̀mù kàn án mọ́, ẹ má fi ọṣẹ olóòórùn kàn án. Inú ń fọ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Omi lásán tó fún ìta."

Dókítà kọ ìpara kan fún un, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá kékeré kan tì sínú.

"Sínú?" ni màmá mi wí. "Èmi?"

Ìpara yẹn wà lórí tábìlì fún ọjọ́ mélòó kan, kò ṣí i. Ìtìjú ò jẹ́. Mo lọ jókòó tì í.

"Màmá, nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ta ló ń fi omi gbígbóná wẹ̀ mí? Ta ló ń wo ojú ọgbẹ́ mi láràárọ̀?"

"Èmi ni. Ṣebí ọmọ mi ni ẹ́."

"Ọmọ yín náà ṣì ni mí."

Ó na ọwọ́ mú ìpara náà. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi hàn òun bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo fi hàn án lórí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì kọjú sí fèrèsé.

"Ṣé o ti yíjú?"

"Mo ti yíjú, Màmá."

Díẹ̀díẹ̀ ni ara tù ú. Ó padà sí ìjọ, ó sì ń jókòó títí wọ́n á fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ọmọ mi ò da ọṣẹ rẹ̀ nù o. Ó ní òórùn rẹ̀ wu òun. Ọwọ́ ló ń fi fọ̀ báyìí, màmá mi sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń ta sánsán bí ìyàwó tuntun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan láti ìjọ wọn wá kí i. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, mo wá gbọ́ ẹ̀rín, ẹ̀rín àwọn ìyá méjì bí ẹ̀rín ọmọge. Nígbà tí àlejò náà ń lọ, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò wo ojú mi.

"Ọmọ mi, ilé ìwòsàn tẹ́ ẹ lọ yẹn, ibo la ti ń wọ kẹ̀kẹ́ débẹ̀?"

Mo wọ bàtà mi, mo sì tẹ̀ lé e.