Ọjọ́ Tí Àwọn Àna Ìbídùnní Wá

Ẹ̀gbọ́n mi Ìbídùnní ló kọ́ mi ní gàrí yíyan, ní abúlé wa lẹ́bàá Ìjàyè. Bí mo bá jẹ́ kó jó, wọ́n á ní, "Adétutù, èyí kì í ṣe gàrí mọ́ o, èédú ni!" Wọn kì í bínú sí mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Wọ́n á ta gàrí tán lọ́jà Ṣáṣá, wọn ò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́. Àwọn kan ní arán ni wọ́n ń ṣe, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Ọ̀tá wo? Ṣebí ìyá wa náà gbàgbé wa kí wọ́n tó kú. Dókítà kan ní Moniya ló là á yé mi pé àìsàn kan ló ń jẹ ọpọlọ wọn díẹ̀díẹ̀. Ó ní ó lè ti inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wá, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan: ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ̀gbọ́n mi ò tọ́jú lè dá kún un, àti dídá nìkan jókòó láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló kúkú wà lára mi. Mi ò fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi náà ṣeré mọ́.

Leah, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí, wá rí ọkọ, Olúwadọ̀tun. Nílẹ̀ wa, wọ́n máa ń wádìí ìdílé dáadáa kí wọ́n tó gbéyàwó. Ni Àkànbí, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, bá ní ká ti Ìbídùnní mọ́ yàrá lọ́jọ́ tí àwọn òbí Olúwadọ̀tun ń bọ̀ láti Lágelú, kí wọ́n má baà sọ pé àrùn ìdílé wa ni, kí wọ́n sì kọ ọmọ wa sílẹ̀. Inú bí mi! Ìyá ìyàwó lẹ fẹ́ tì mọ́lé bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu? Síbẹ̀, Àkànbí ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́ yàrá.

Àwọn àlejò jókòó tán, mo bá dìde lọ ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá máa sá, kó tètè sá!

Ẹ̀gbọ́n mi jáde, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n sì kí àwọn àlejò kú ìrìn. Wọ́n wá rí Leah lórí ìkúnlẹ̀.

"Ọmọ ta nìyí?"

Àkànbí dorí kodò. Omi ń dà lójú Leah.

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ nu ojú ẹ̀, wọ́n kọjú sí àwọn àlejò. "Ọmọ yìí dáa. Àmọ́ ẹ má mú un lọ láì bi ìyá ẹ̀ o. Ìyá ẹ̀ á máa wá a."

Ìyá Olúwadọ̀tun dìde lórí àga, wọ́n sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìyá ẹ̀ náà la wá bẹ̀, mà."