Ìbúra Ottilia

Ẹnu Ottilia ló kó o sí wàhálà, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ni nílé Sabina, ìyàwó oníṣẹ́ awọ, nínú ìlú olódi kan nílẹ̀ Jámánì, láyé tí ìgbìmọ̀ ìlú ń mú ọ̀daràn, tí wọ́n ń wádìí rẹ̀, tí àwọn náà tún ń dájọ́.

Nígbà òtútù kan, wọ́n rí òkú ọmọ jòjòló nínú odò tí omi rẹ̀ ń yí ọlọ ńlá tí wọ́n fi ń lọ ọkà. Ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo obìnrin tí kò lọ́kọ wá, kí àwọn agbẹ̀bí ìlú fún ọmú wọn wò bóyá omi ọmú á jáde. Àwọn ọmọge ń sunkún. Ottilia, tó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ò sunkún.

"Ẹ̀yin ìyá," ó ní, "àwọn ọkùnrin ńkọ́? Ibo lẹ máa fún tiwọn?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn tó ń sunkún. Agbẹ̀bí tó dúró tì í ò rẹ́rìn-ín. Ó fún ọmú rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ tútù, ó ní òun rí omi. Bí wọ́n ṣe ti Ottilia mọ́lé nìyẹn.

Àgbà ìgbìmọ̀ méjì wá bi í léèrè.

"Níbo lo wà lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n ju ọmọ náà sódò?"

"Mò ń fọṣọ pẹ̀lú ìyá wa, Sabina. Ẹ bi wọ́n."

Wọ́n bi Sabina. Ẹ̀rù bà á kí wọ́n má sọ pé ilé òun ni ọmọ náà ti jáde, ó ní òun ò rántí.

Nígbà tí Ottilia gbọ́, ó pariwo. "Wọn ò rántí kẹ̀? Àwa méjèèjì la jọ di aṣọ ibùsùn mú tá à ń fún un. Omi gbígbóná jó wọn lọ́wọ́, èmi ni mo fi ọ̀rá pa ojú ibẹ̀. Ẹ lọ wo ọwọ́ wọn."

Kò sẹ́ni tó lọ wò ó. Afìyàjẹni ìlú ni wọ́n pè, ó gbé irin tí wọ́n fi ń fún àtàńpàkò ka iwájú rẹ̀.

"Tẹ́ ẹ bá fi nǹkan yẹn fún mi lọ́wọ́, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ ni màá sọ," Ottilia ní. "Kí lẹ fẹ́ fi irọ́ ṣe, ẹ̀yin àgbà?"

Ọ̀kan nínú wọn ní kí afìyàjẹni náà dúró ná. Òun ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe agbẹ̀bí mìíràn. Gertraud, àgbà agbẹ̀bí, dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

"Obìnrin yìí ò bímọ rí," ó ní. "Òógùn lẹ rí."

Síbẹ̀, wọn ò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Àfi kó búra pé òun ò ní gbẹ̀san lára ìgbìmọ̀, afìyàjẹni tàbí agbẹ̀bí, òun ò sì ní sọ ohun tójú òun rí. Ó kọ̀. Wọ́n dá a padà sẹ́wọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú nítorí òtútù. Ó búra, ó ń wa eyín pọ̀.

Sabina ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n. "Ottilia, ọmọ mi, jẹ́ ká lọlé. Ọbẹ̀ ẹ̀wà wà lórí iná."

"Ẹ lọ dá a jẹ, mà."

Látọjọ́ yẹn, ó ń bá àwọn alágbàfọ̀ ṣiṣẹ́ létí odò. Ìyá ọmọ náà, wọn ò rí i títí dòní. Báwọn obìnrin bá bi í nípa ẹ̀wọ̀n, á ní òun ti búra. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dárúkọ Sabina nínú ìbúra náà, torí náà ó ń sọ ọ̀rọ̀ Sabina fún gbogbo ẹni tó bá gbé aṣọ wá: aṣọ ibùsùn, ọwọ́ tó jó, "mi ò rántí." Nígbà tó yá, ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún, níbi tí wọn ò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ni Sabina ń rán ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ tuntun lọ fọṣọ. Wọ́n sọ fún Ottilia. Ó kàn túbọ̀ ń lu aṣọ mọ́ òkúta.