Ilẹ̀ Etídò Tí Mo Fi Okùn Wọ̀n

Mo rántí bí mo ṣe gbé bébà kọ̀ǹpútà dé Ṣakí ní ìsinmi kan ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí mo ká a bí ẹní sábẹ́ abíyá, tí mo ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ kò yẹ ẹsẹ̀ mi. Bébà náà gùn gbọọrọ, ó ní ihò wẹẹrẹwẹẹrẹ létí méjèèjì, ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ kò sì ju ogún ìlà lọ. Bí ó bá ṣeé ṣe kí n padà síbẹ̀ lónìí, etí ọmọkùnrin yẹn ni n ó kọ́kọ́ fà kí n tó fa bébà ọ̀hún ya.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn ni mo wà nígbà náà. Kọ̀ǹpútà mélòó kan péré ló wà fún gbogbo wa, inú yàrá tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ amúlétutù tọ́jú bí yàrá aláìsàn. À ń bọ́ bàtà wọ ibẹ̀ bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí. Inú ìwé la ti ń kọ iṣẹ́ wa sílẹ̀ kí ó tó kàn wá láti tẹ̀ ẹ́. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní C ni olùkọ́ wa ń kọ́ wa, ibi “bí” àti “bí bẹ́ẹ̀ kọ́” la sì dé: bí nǹkan bá rí báyìí, kí ẹ̀rọ sọ báyìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó sọ tọ̀hún. Iṣẹ́ tó fún wa kí a tó lọ ìsinmi ni pé kí a kọ ètò tí yóò gba gígùn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, tí yóò sì sọ irú onígun mẹ́rin tó jẹ́. Wàrà-n-ṣeṣà ni mo kọ tèmi: bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, onígun mẹ́rin gidi ni, tó dúró ṣánṣán bí ojú fèrèsé. Ẹ̀rọ gbà á, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, kò bá mi jiyàn. Mo ní kí ló tún kù?

Bàbá mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Ìyàwó méjì ló fi sílẹ̀, ìyá mi tó jẹ́ ìyálé, àti ìyá kékeré. Ìdí igi ni ẹbí fẹ́ fi pín oko rẹ̀ tó wà lọ́nà Àgọ́-Àrẹ, ìyẹn ni pé kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti àwọn ọmọ tirẹ̀ gba ìpín kan. Àpáta ló pọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ tó ṣeé kọ ebè iṣu sí kò tó nǹkan, ìyá mi kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju iṣu àti èlùbọ́ lọ. Òun náà ló fi rán mi níwèé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí, ní kí a ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é: kí a kọ ebè sí ilẹ̀ náà, kí a kà á ní igba-igba, kí a wá dá a sí méjì. “Igba ebè la fi ń mọ oko,” ó ní, “a kì í fi ẹnu mọ̀ ọ́n.” Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ gbà mí o! Mo rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ti ń kọ ebè kí bàbá mi tó mọ ọkọ́ dì mú. Mo ní, “Bàbá, ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn. Ẹ ṣáà fún mi ní okùn.”

Mo wọn okùn náà ní àádọ́ta ìṣísẹ̀. Mo kan èèkàn mẹ́rin mọ́ ìpín ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó dúró dáadáa. Nígbà tí mo dé ti etídò, ibi tí odò yà sí ni èèkàn mi náà yà sí, ilẹ̀ náà sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ilé tó fẹ́ wó. Mo rí i pé ó fì. Ojú mi kò fọ́. Ṣùgbọ́n okùn kan náà ni mo fi wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo bá tú bébà mi, mo sì kà á fún wọn ní Yorùbá: bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, onígun mẹ́rin gidi ni. Àwọn àgbà na ọrùn, wọ́n ń wo bébà. Ìyálé ló máa ń kọ́kọ́ mú, ìyá mi bá kọjú sí mi.

“Ọkọ mi, ṣé wọ́n dọ́gba lóòótọ́?”

“Wọ́n dọ́gba, Ìyá. Kọ̀ǹpútà kì í purọ́.”

Ó mú ti etídò nítorí omi. Àfáà ka Fátíhà sí i, wọ́n pín obì, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìkan ló dúró tó ń wo èèkàn odò yẹn. Ó ní, “Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.” Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé padà, olùkọ́ wa pè mí síwájú. Ó to igi ìṣáná mẹ́rin sórí tábìlì, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, gígùn kan náà. Ó fi ìka kan ti igun òkè díẹ̀, gbogbo rẹ̀ fì. “Ṣé igi kankan kúrú sí i?” Mo ní rárá, sà. “Ṣé àyè inú rẹ̀ ṣì tó ti tẹ́lẹ̀?” Ó tún ń tì í, títí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi sùn ti ara wọn, tí abẹ́rẹ́ kò lè gba àárín wọn. “O bi ẹ̀gbẹ́ léèrè, o ò bi igun. ‘Bí’ kan péré lo gbàgbé.” Ó yọ máàkì méjì kúrò nínú tèmi. Máàkì méjì! Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ ìyá mi sì ń sùn lórí tábìlì lójú mi.

Mo pinnu pé bí mo bá ti délé ni n ó sọ ọ́. Ìgbà Iléyá ni mo délé, mo bá ìyá mi láàárín àwọn obìnrin àdúgbò, ó ń sọ fún wọn pé, “Ọmọ mi yìí ló fi kọ̀ǹpútà wọn ilẹ̀ wa, tí ẹnikẹ́ni kò fi jà.” Wọ́n ń kí mi, mo ń dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó jókòó tì mí, ó ní, “Ti ìyá kékeré rẹ gba igba ebè mẹ́wàá. Tèmi kò ju mẹ́jọ àti díẹ̀ lọ. Mo rò pé àwọn alágbàṣe ló ń rẹ́ mi jẹ, mo lé wọn. Àbí ọwọ́ mi ló ti di ọwọ́ arúgbó, tí ebè mi ń sanra jù?” Ó wá ń wo ojú mi. Ó wò mí pẹ́.

Mo ní, “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Ìyá.”

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Láti ọdún yẹn ni ìyá mi ti ń kọ ebè kéékèèké, kí ó lè pé igba mẹ́wàá. Ṣé ẹni tó mọ iṣu kò mọ ohun tí ebè kékeré ń bí ni? Iṣu rẹ̀ kò ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ. Àwọn tó ń wá ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti Ìsẹ́yìn kò yà mọ́. Èmi ríṣẹ́, mo ń fi aṣọ àti ìrẹsì ránṣẹ́, ìlú ń sọ pé mo tọ́jú ìyá. Ojú ń tì mí débi tí n kò fi lè jẹ́wọ́, ìtìjú yẹn náà ni mo fi ń pe ara mi ní ọmọ gidi.

Ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ tí ìyá mi kú ni ìyá kékeré pè mí sẹ́yìn ilé. Akọ̀wé ló máa ń pè mí, nítorí wọ́n ti bí mi kí ó tó wọlé, ìyàwó kì í sì í pe irú wa lórúkọ.

“Akọ̀wé, mo fẹ́ kí ọkàn mi fúyẹ́. Lọ́dún àkọ́kọ́ náà, kí Iléyá tó dé, èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ti ka ebè, a sì rí i. Mo ní kí wọ́n wá ṣí èèkàn, n kì í ṣe olè. Ìyá rẹ ló kọ̀. Ó ní bí wọ́n bá ṣí i, ayé á ní òfìfo ni ìwé tí òun fi iṣu rán ọmọ òun. Ó ní ebè ṣeé dín kù, orúkọ ọmọ òun kò ṣeé dín kù.”

Ìyá mi ti mọ̀ kí ó tó bi mí léèrè. Kò wá ìdáhùn lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Iléyá yẹn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá n ó sọ òótọ́ fún òun nìkan.

Èmi náà ti ń darúgbó lọ báyìí. Bí mo bá lọ sí Ṣakí, tọmọdé tàgbà ló ń kí mi ní Akọ̀wé, mo sì máa ń dáhùn. Ìyá mi ti san owó orúkọ náà tán. Kí ni n ó wá kọ̀ ọ́ fún?