Ẹ̀gún Inú Bátìrì

Mo pe ọ̀gá mi wá kí n lè dójú tì í. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ bátìrì mọ́tò lójú ọ̀nà Ìjàgbó, kí n tó lọ kàwé tí mo fi di tísà sáyẹ́ǹsì. Lọ́jọ́ tí mo ṣèèṣì da ásíìdì lù ú, ó bu omi fọ ojú, ó ní kò wọlé sínú ojú òun, ó sì lé mi padà sídìí iṣẹ́. Àmọ́ látìgbà tí mo ti kàwé, bí mo bá ń kọjá, á ní, "Ọ̀mọ̀wé, ṣé ìwé ti ń ṣájì bátìrì báyìí?" Àwọn oníbàárà rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Mo dì í sínú.

Nígbà tí ilé-ìwé wa pe ará Ọ̀fà wá wo iṣẹ́ wa, mo gbé àwòrán inú bátìrì sára ògiri. Mo pín gíláàsì ojú tí apá kan rẹ̀ pupa, tí apá kejì jẹ́ búlúù. Mo ní ojú méjèèjì ló máa pawọ́ pọ̀ tí àwòrán náà á fi yọ síta kúrò lára ògiri. Wọ́n rí ẹ̀gún tín-ín-rín tó ń hù nínú bátìrì títí yóò fi kú. Àwọn Alhaja ń nawọ́ sí ẹ̀gún tí kò sí níbẹ̀. Ọlọ́kadà kan tiẹ̀ fà sẹ́yìn kó má baà gún un.

Ọ̀gá mi nìkan ni kò nawọ́.

Mo gbé máíkì sí i lẹ́nu. "Ọ̀gá, èwo ló sún mọ́ yín jù?"

"Gbogbo ẹ̀ ló wà lára ògiri."

Inú mi dùn. "Ẹ wo ọ̀gá mi o! Ìyá arúgbó pàápàá rí i, ọ̀gá mi ò rí i!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo tún bi í lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Oníbàárà rẹ̀ kan ló dìde. "Tísà, ṣebí ẹ ní ojú méjèèjì ni?"

Gbogbo wọn yíjú wo ojú ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi bọ́ gíláàsì náà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó jáde.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn oníbàárà ti kó bátìrì wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ta ni yóò gbà kí olójú kan bu ásíìdì sí tòun?

Mo lọ dọ̀bálẹ̀. Ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀.

"Ásíìdì ọjọ́sí yẹn wọlé," ló wí. "Díẹ̀díẹ̀ lojú náà kú. Ká ní mo sọ ni, ta ni ì bá tún gbà ẹ́ síṣẹ́? Mo bo àṣírí rẹ. Ìwọ fi máíkì tú tèmi."

Lọ́sẹ̀ kejì, ilé-ìwé kan ní kí n gbé àwòrán náà wá sí Ìlemọ̀nà. Mo lọ. Mo tún gbé máíkì sí wọn lẹ́nu, mo bi wọ́n léèrè ẹ̀gún tó sún mọ́ wọn jù.