Ọ̀pá Ẹ̀rọ Ìfúnpo Tó Kán Lẹ́ẹ̀mẹta

Òórùn ẹyìn sísè ló máa ń pàdé ẹni tó bá ń bọ̀ sílé ọkọ mi ní Ahoyéyé nígbà náà, òmìnira kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ọdún tí mo wọlé ni ọkọ mi ra ẹ̀rọ ìfúnpo kan ní Pobè. Ọ̀pá irin ńlá ló wà láàárín rẹ̀, wọ́n fi igi gígùn tó yọ sápá méjèèjì há a lórí. Bí a bá ti igi náà yípo, irin á máa sọ̀ kalẹ̀, á sì fún ẹyìn. Kí ọdún tó yípo, irin yẹn ti kán lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó kán lẹ́ẹ̀kẹta, tí ẹyìn bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ìyálé mi là á mọ́lẹ̀ pé: "Ọwọ́ ìyàwó yìí ò dáa. Kó padà sílé bàbá ẹ̀ ní Takon." Háà! Mo sunkún, ọ̀rẹ́ mi. Oyún sì ti wà nínú mi.

Ọkọ mi ránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ Sakété, bàbá arúgbó tó rọ ọ̀pá kejì àti ìkẹta. Ó dun bàbá náà pé iṣẹ́ ọwọ́ òun tún kán. Ó gbé ojú ibi tó kán sí oòrùn: apá kan ti jọ̀lọ̀, ó ti dípẹtà, apá kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni. "Kò kán lónìí," ó ní. "Ẹ̀gbẹ́ kan ló ti ń sán díẹ̀díẹ̀." Ó mú wáyà mẹ́ta. Ó tẹ ọ̀kan síwá sẹ́yìn, ó pẹ́ kó tó já. Ó lọ́ èkejì síhìn-ín sọ́hùn-ún, òun náà pẹ́. Ó wá ń tẹ ìkẹta, ó tún ń lọ́ ọ, kíá ló já. Ó ní irin lè fara da ìyà kan, méjì papọ̀ ló máa ń rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó rọ ìkẹrin, tó sì há a sáyè ẹ̀, ó ní ká tì í lójú òun. Àwa ìyàwó mẹ́rin yòókù bá rọ́ sẹ́yìn ìyálé, lápá kan igi náà, bí ìṣe wa.

"Ta ló wà lápá kejì?" bàbá bi wá.

Kò sẹ́nìkan. Nílé wa, ìyàwó kì í kọjú sí ìyálé ẹ̀ kó máa ti nǹkan, àfi bíi pé ó ń bá a jà. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń lọ́ ọ, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́! Ẹ pín sápá méjèèjì."

Ìyálé mi gbá ìró mú, ó rìn lọ sápá kejì, ó pè mí: "Ìyàwó, dúró síbẹ̀. Kọjú sí mi, ká tì í."

Ọmọ tó wà nínú mi dàgbà, ó bá wa ti irin kẹrin yẹn gan-an. Ìyálé mi ò bẹ̀ mí títí ó fi kú, èmi náà ò sì bi í léèrè. Ìṣísẹ̀ mélòó kan tó rìn lọ sápá kejì igi lọ́jọ́ yẹn, mo ti gbà á ní ẹ̀bẹ̀.