Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Àbúrò Mi Méjèèjì

Ìyá kan, bàbá kan ló bí àwa mẹ́ta. Èmi ni àkọ́bí, ọkùnrin méjì ló tẹ̀lé mi. Orí ẹní kan náà làwọn méjèèjì ń sùn nílé wa ní Muṣin. Nígbà tí wọ́n sì kó sínú oògùn olóró, abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n fi ń gún un sára. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ yẹn. Ohun tí mo kàn ń rí ni pé ẹ̀wù alápá gígùn ni wọ́n ń wọ̀ nínú ooru, àti pé màmá wa, tó ń ránṣọ, ti ń ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́ inú yàrá kí wọ́n má baà tà á.

Ẹ̀gbọ́n nínú wọn ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ sú. Ó wá bá mi ní Sábó, níbi tí mo gba ilé sí, ó ní òun fẹ́ jáwọ́, ṣùgbọ́n bí àbúrò òun ò bá jáwọ́, òun náà á padà síbẹ̀ ni. Mo mú àwọn méjèèjì lọ síbì kan ní Súrùlérè tí wọ́n ti ń ran irú wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì C ti wọ ara àwọn méjèèjì rí. Àyẹ̀wò kejì ni yóò sọ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí a padà lọ gba èsì rẹ̀, kò sí àrùn náà lára ẹ̀gbọ́n mọ́. Ara rẹ̀ ti lé e lọ fúnra rẹ̀, láìlo oògùn kankan. Ó ṣì wà lára àbúrò.

Àbúrò wojú nọ́ọ̀sì. “Abẹ́rẹ́ kan náà ni, mà. Kí ni mo ṣe tí brọ̀dá mi ò ṣe?”

“O ò ṣe nǹkan kan,” nọ́ọ̀sì dáhùn. “Bí wọ́n ṣe bí i yín ni. Ṣé o mọ jẹnotáìpù? Bàbá lè jẹ́ AS, kí ìyá jẹ́ AS, kí wọ́n bí AA, kí wọ́n tún bí SS. Ọmọ kọ́ ló yàn án. Nǹkan mìíràn tún wà nínú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó ń jẹ́ kí ara ẹnìkan lè lé àrùn yìí, kí ti ẹlòmíì má lè lé e.”

Ó wá kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n pé bó bá padà sídìí abẹ́rẹ́, àrùn náà lè tún wọlé.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá wa bí mo ṣe lè ṣe é. Ó bi mí bóyá òun lòun fún àbíkẹ́yìn òun ní ohun tí kò dára. Mo ní rárá, pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fún ọmọ rẹ̀.

“Mo rò pé bákan náà ni mo ṣe fún wọn,” ló wí.

Fún ìgbà pípẹ́, àbúrò ò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn ẹ̀dọ̀, ẹ̀gbọ́n náà ló ń bu omi fún un láràárọ̀, á sì jókòó tì í títí yóò fi gbé e mì. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn ní Muṣin, àbúrò ní, “Brọ̀dá, mo ti gbé e mì. Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́.” Inú yàrá kejì ni mo ti gbọ́ ọ.

Ara àbúrò ti yá. Àrùn náà ti lọ, kò sì tún fọwọ́ kan oògùn olóró mọ́. Ẹ̀gbọ́n ni kò tíì rí i fi sílẹ̀ pátápátá. Ara tó lé àrùn yẹn lọ wẹ́rẹ́ kò rí ọkàn fífà sí oògùn olóró lé. Àbúrò ló máa ń bá a lọ sí Súrùlérè báyìí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ lójú ọ̀nà, mi ò sì béèrè.